Ọkùnrin Tó Ń Béèrè Orúkọ Kòkòrò

Ọjọ́ tí Mofẹ́olúwa kọ́kọ́ rí Ayọ̀bọ́lá, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú òkìtì ikán kan nínú oko kòkó bàbá Mofẹ́olúwa, lẹ́yìn Odò-Ọwá, ó na fóònù síwájú, ó ń ya àwòrán ikán bí ẹni tó ń ya ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọ.

Mofẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn igi, ó ń ṣọ́ ọ. Aṣọ ọkùnrin náà mọ́ tónítóní, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe bàtà ẹni tó ń roko. Bí ó ti ń wò ó lọ́wọ́ ni ọkùnrin náà bu erùpẹ̀ lára òkìtì náà, ó dà á sínú ọ̀rá kékeré kan, ó so ẹnu rẹ̀, ó tì í bọ inú báàgì.

Àyà Mofẹ́ já. Kò sí ẹni tó ń gbé ní agbègbè Ìjerò tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé àwọn tó ń wa òkúta olówó iyebíye máa ń yẹ erùpẹ̀ tí ikán bá gbé sókè wò, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí ohun tí wọ́n ń wá, oko ẹni di kòtò nìyẹn.

Ó jáde síta. "Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Ta ló fún yín láyè níbí?"

Ọkùnrin náà fò dìde, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ pọ́n fún ilẹ̀. Ó ní kí àǹtí má bínú, Adéwálé tó ń fọ́n oògùn sí kòkó ló ní kí òun gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní Ayọ̀bọ́lá ni orúkọ òun, ọmọ Ẹ̀fọ̀n lòun, àti pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa béèrè orúkọ kòkòrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

"Orúkọ kòkòrò?" Mofẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kí ni kòkòrò fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fi ń wá a kiri?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ kan ní Adó, tó ń dáàbò bo igbó àti ohun tó ń gbé inú rẹ̀, ló rán òun. Láti Ẹ̀fọ̀n dé Aramọkọ, láti Ìjerò dé Ayétòrò, òun á fi àwòrán han ènìyàn, òun á béèrè ohun tí wọ́n ń pè é nílùú wọn, wọn á wá tẹ gbogbo rẹ̀ sórí páálí ńlá fún iléèwé àti fún àwọn àgbẹ̀. Ikán tó wà nínú erùpẹ̀ inú ọ̀rá yẹn, àwọn ọmọ iléèwé lòun fẹ́ fi hàn.

"Tí ènìyàn ò bá ní orúkọ mìíràn fún nǹkan ju kòkòrò lọ," ló wí, "oògùn ló máa fọ́n sí i. Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ ọ́n lórúkọ, ó máa kọ́kọ́ wò ó pé kí ló ń ṣe níbí."

Ó gbé àwòrán kan síwájú rẹ̀. Ẹnu Mofẹ́ yára ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Lámilámi," ló dáhùn. Ó rántí bí ó ti máa ń lé e létí odò nígbà tó wà ní kékeré. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀bùn lé lọ́wọ́.

Ìwò yẹn gan-an ló kó wàhálà bá Mofẹ́.

*

Olùkọ́ ni Mofẹ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Aramọkọ. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ayọ̀bọ́lá fi yọjú síbẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọ̀gá iléèwé. Inú kíláàsì Mofẹ́ ni ariwo ti sọ: tata, ìrè, tanátaná, ọ̀bọ̀nbọ̀n. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá láti Ìjerò ní bí wọ́n ṣe ń pè é nílé àwọn kọ́ nìyẹn, ọmọ Aramọkọ ní irọ́ ló ń pa. Ayọ̀bọ́lá ní òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ó sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí iléèwé parí, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àgbàdo sísun méjì. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ìtàn kantíkantí fún un, eṣinṣin kíún tí ènìyàn máa ń fi ọwọ́ lé kúrò lójú. Ó ní kòkòrò náà ló ń wọ inú òdòdó kòkó tó fi ń di èso, inú èèpo kòkó àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà ló sì ti ń pamọ.

"Kòkó tí bàbá yín fi rán yín níléèwé, kantíkantí bá yín dá sí i," ló wí.

Mofẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti ń wá a tẹ́lẹ̀, ara wọn ni wọ́n máa ń ròyìn. Eléyìí ń ròyìn kantíkantí, ọkàn Mofẹ́ sì ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Láti ọjọ́ náà ni Ayọ̀bọ́lá ti ń pè é ní Lámi. Bó bá pè é lórí fóònù, "Lámi mi, ṣé o ti jẹun?" ló máa kọ́kọ́ sọ. Mofẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Ẹ̀rù náà kò sì jẹ́ kó gbádùn ìfẹ́ náà. Ta ló mọ ọkùnrin yìí? Èéṣe tó fi jẹ́ pé nígbàkígbà tí wọ́n bá jọ dé oko, ilẹ̀ ló máa ń wò? Èéṣe tó máa ń béèrè ibi tí ààlà oko wọn dé? Ó ní kí òun lè mọ ibi tí òun lè rìn dé ni. Mofẹ́ gbà. Nígbà tó bá dé orí ibùsùn, kò gbà mọ́.

Bàbá rẹ̀, Alàgbà Bámigbóyè, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà ní Odò-Ọwá. Oko tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un yìí ló padà wá sílé nítorí rẹ̀. Ó ti fojú rí oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó di ihò kiri, tí omi odò ibẹ̀ pọ́n bí epo. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ bàtà tó mọ́ wá sí oko rẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ ni.

Àbúrò bàbá rẹ̀, Sunday, tó ń gun ọ̀kadà, ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wálé. Ó ní òun rí ọkùnrin kòkòrò yẹn ní Ìjerò, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ọkùnrin náà àti àwọn tó ń wa òkúta jọ jókòó, wọ́n jọ ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀kan tiẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ruth, ìyá Mofẹ́, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn wo ọmọ rẹ̀. Àwọn ìyá mọ̀.

Mofẹ́ bi Ayọ̀bọ́lá léèrè lọ́jọ́ kejì. Ó ní lóòótọ́ ni, òun ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kí ni? "Ọ̀rọ̀ kan tí màá sọ fún ọ tó bá yá, Lámi." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

*

Bàbá lọ sí Adó nítorí ojú rẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tó dé, oko ló kọ́kọ́ lọ. Kò pẹ́ tó fi padà wálé, àkísà pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló pààlè sí oko mi?"

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí àkísà pupa lára igi ń sọ lágbègbè wọn. Ẹni tó bá ṣa igi ìdáná jọ tí kò tíì rù ú lọ, á so ó mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ń jí obì rẹ̀ ká, á so ó mọ́ igi obì. Ohun tó ń wí ni pé: tèmi nìyí, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fojú sọ́nà. Orí ohun ìní ara ẹni ni a máa ń so ó sí. Kò sí ẹni tí í so ó mọ́ igi onígi.

Bàbá ní òun rí i lára igi kòkó bíi mélòó kan lápá òkè oko, àti lára igi ńlá kan tó ní ihò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Adéwálé. Adéwálé ní òun ò mọ̀dí ọ̀rọ̀, ọkùnrin kòkòrò ló so wọ́n.

"Ó ti rí nǹkan nísàlẹ̀," Sunday wí. "Ó ń fi àmì sí ibi tó máa gbẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n, kò tiẹ̀ tíì fẹ́ ọmọ yín tó ti ń pín ogún yín."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ṣe já sí gbangba. Bàbá yíjú sí Mofẹ́. "Fẹ́ ọmọ ta ni?"

Mofẹ́ sorí kọ́. Bàbá kò lù ú, kò sì bú u. Ó kàn sọ pé òun kò fẹ́ rí ọkùnrin náà mọ́, kí Adéwálé sì wá lọ́jọ́ Sátidé, kó fọ́n oògùn sí gbogbo ibi tí àkísà wà, kó má dá ewé kan sí.

Ìbànújẹ́ gba ọkàn Mofẹ́ kan. Ìbínú náà wà níbẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá bi Ayọ̀bọ́lá léèrè àkísà, á rí nǹkan sọ, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó pinnu pé òun kò ní béèrè nǹkan kan. Òun á dán an wò.

Ó pàdé rẹ̀ ní Aramọkọ, lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé. Ó jẹ́ kó pe òun ní Lámi, ó jẹ́ kó béèrè àlàáfíà ilé. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn.

"Bàbá mi fẹ́ ta apá òkè oko fún àwọn tó ń wa òkúta."

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ń wá ìdùnnú lójú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Kò rí ìdùnnú, kò rí nǹkan kan. Ojú Ayọ̀bọ́lá ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀.

"Apá òkè, níbi igi tó ní ihò yẹn?"

Ọkàn Mofẹ́ gbọgbẹ́. Ohun tí ẹni tó fi àmì sí ilẹ̀ máa béèrè gan-an nìyẹn. Ayọ̀bọ́lá dìde, ó ní òun ní ibì kan láti dé, ó dá ọ̀kadà dúró, ó lọ. Mofẹ́ pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó tún pè é. Kò gbé e.

Nínú takisí tó gbé e padà sí Odò-Ọwá, ó ń sunkún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi gèlè bo ojú. Ó ti parí. Ó ti mọ̀. Ọkùnrin náà ti lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀.

*

Ọ̀kadà yá ju takisí lọ. Nígbà tí Mofẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, Ayọ̀bọ́lá ni ó bá nílẹ̀ pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ní kí Bàbá jọ̀wọ́ má ta ilẹ̀ náà. Ó ní bí wọ́n bá gbẹ́ apá òkè yẹn, omi tó ń ti ibẹ̀ wá á bàjẹ́, oyin tó wà nínú ihò igi á sá lọ, kantíkantí kò sì ní rí ibi pamọ. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àìní, kí Bàbá fún òun láyè, òun á wá ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú wọn.

Bàbá dúró ṣánṣán. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ ta ilẹ̀ mi?"

Ayọ̀bọ́lá gbójú sókè. Ó rí Mofẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó, Mofẹ́ sì rí i pé ó yé e níṣẹ́jú yẹn pé kò sí títà kankan, pé ẹni tó fẹ́ràn ti dẹ okùn fún òun.

Mofẹ́ retí kó dárúkọ òun.

"Mo kàn gbọ́ ni, sà," ló wí.

"O gbọ́. Èmi tí mo ni ilẹ̀ kò gbọ́, ìwọ gbọ́." Ohùn Bàbá lọ sílẹ̀, èyí sì burú ju igbe lọ. "Ẹni tó fẹ́ rà á nìkan ló lè gbọ́ ṣáájú ẹni tó ni ín. Jáde ní ulé mi."

Ayọ̀bọ́lá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Mofẹ́ kọjá. Òórùn erùpẹ̀ àti oòrùn tó wà lára rẹ̀ ni Mofẹ́ gbọ́, lẹ́yìn náà, ariwo ọ̀kadà tó ń lọ.

Sunday ní ṣé ẹ rí i báyìí. Ruth dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tú àṣírí.

Mofẹ́ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Wọn á tiẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ nínú ewu. Bó bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀, tó na ọmọ ìlú tán nítorí irọ́, á máa fi ojú òpùrọ́ wò ó títí ayé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ohun tó lè sọ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ilé, nígbà tí Bàbá pa ìwé orin dé, Mofẹ́ kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo sọ fún un pé ẹ fẹ́ ta ilẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó fẹ́ràn mi tàbí ilẹ̀ yín ló fẹ́ràn."

Bàbá gbé ìwé orin sílẹ̀. "Orúkọ mi lo fi pa irọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì jẹ́ kí n lé e jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Omijé ti bo ojú rẹ̀.

Bàbá ní kò tíì tán. Bí ọ̀rọ̀ títà bá jẹ́ irọ́ ọmọ òun, àkísà ńkọ́? Ṣé Mofẹ́ náà ló so ó ni? Mofẹ́ ní òun kò mọ̀. Bàbá ní kó lọ pè é wá, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, nítorí pé Sátidé kò jìnnà.

*

Ayọ̀bọ́lá kò gbé fóònù. Mofẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wọ takisí lọ sí Ẹ̀fọ̀n.

Ìyá Ayọ̀bọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń yẹ iṣu tó fẹ́ rà wò. "Ìwọ ni ọmọ tó rán ọmọ mi lọ gba èébú."

Mofẹ́ kúnlẹ̀. Kò sẹ́.

Ìta, lábẹ́ òkè, ni òun àti Ayọ̀bọ́lá ti sọ̀rọ̀. Ó jókòó, kò sún mọ́ ọn. Mofẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó sọ bí ó ti jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, ó wá béèrè àkísà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ó yà á lẹ́nu pé àkísà ni wọ́n ń bá jà. Ó ní Adéwálé ló ní kí òun fi nǹkan pupa sára igi tí òun kò fẹ́ kó fọ́n oògùn sí, kí ojú rẹ̀ lè tètè rí i; bóyá ẹ̀rù Bàbá ló bà á tó fi sẹ́. Kàdúná ni àwọn gbé títí bàbá òun fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ lòun dàgbà sí. Òun kò mọ̀ pé ààlè lòun pa sí oko olóko.

"Àwọn tó wà ní Ìjerò ńkọ́?" Mofẹ́ kò fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n ó béèrè.

Ayọ̀bọ́lá wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ìyá mi. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni, kò gbà. Ojú ló ń tì mí, Mofẹ́. Bí mo bá sọ fún ọ, kí lò bá rò?"

Kò pè é ní Lámi. Mofẹ́ gbọ́ ọ.

"Ohun tí mo rò náà ni mo máa rò," ló dáhùn.

"Ó dára." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí o sọ pé wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀, ojú mi lò ń wò. Mo rò pé ò ń bá mi kẹ́dùn ni. Ní báyìí, tí o bá ní o fẹ́ràn mi, ojú rẹ lèmi náà á máa wò."

Mofẹ́ ní kó máa wò ó. Ó ní òun kò ní gbójú kúrò.

*

Láàárọ̀ Sátidé, kí Adéwálé tó gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn, Ayọ̀bọ́lá ti wà lóko. Bàbá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àkísà. Ó ní ẹni tó so ó ni kó tú u. Bó bá tú ọ̀kan, Bàbá á ní, "Kí ló wà níbí?" bí ẹni ń béèrè ẹ̀kọ́ àná lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Ayọ̀bọ́lá á fi hàn án: oyin nínú ihò, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà lábẹ́ kòkó, àti kantíkantí tó rú sókè níbẹ̀ bí èéfín.

Bàbá tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́. Ó ní láti kékeré lòun ti mọ̀ ọ́n, ojú òun nìkan lòun sì mọ̀ pé ó máa ń wọ̀.

"Adéwálé, fi apá ibí yìí sílẹ̀ lọ́dún yìí," ló wí níkẹyìn. Ó kọjú sí Ayọ̀bọ́lá. "Tí kòkó bá so, a ó rí i. Tí kò bá so, ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ. Ìgbà mìíràn tó o bá fẹ́ ṣe usẹ́ lórí ilẹ̀ mi, ulé mi ni kó o kọ́kọ́ wá. Ní ti ọmọ mi, àwọn ènìyàn mi máa lọ wádìí yín ní Ẹ̀fọ̀n."

"Màmá mi ti rán àwọn ènìyàn tiwọn wá síbí lánàá, sà," Ayọ̀bọ́lá wí pẹ̀lú ìtìjú. "Wọ́n ń wádìí Mofẹ́."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ tó lè parọ́ báyẹn, ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí àwọn àgbà ti lọ ṣíwájú, àwọn méjèèjì dúró lójú ọ̀nà oko. Ooru ti ń mú. Mofẹ́ bi í bóyá ó ṣì ń fura sí òun.

"Díẹ̀," ni Ayọ̀bọ́lá dáhùn. "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ronú sí i kó má baà tún parọ́. "Díẹ̀."

Ayọ̀bọ́lá mi orí. Ó ní òun fẹ́ kó bá òun dé Ìjerò lọ́sàn-án yẹn, kó rí ẹ̀gbọ́n òun lójúkojú, kó béèrè ohunkóhun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun má sì sí níbẹ̀ nígbà tó bá ń béèrè.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" Mofẹ́ bi í.

"Kò dá mi lójú. Ó lè sọ ohun tí mi ò fẹ́ kó o gbọ́." Ó na ọwọ́ sí i. "Ṣùgbọ́n máa bọ̀, Lámi mi."

Mofẹ́ wo ọwọ́ náà, erùpẹ̀ wà ní gbogbo èékánná rẹ̀. Ó dì í mú, wọ́n sì jọ rìn jáde lọ sójú títì láti dá ọ̀kadà dúró.